Alhaji D. S. Adégbénró: Ẹni Tí Wọ́n Fún Ní Àga Tí Kò Jókòó Lé



Nínú abala yìí ni a ti máa ń yẹ ìgbésí ayé àwọn ẹni àná wò kí àwa ẹni òní lè fi kọ́gbọ́n. Kí a tó dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú wa rántí rẹ̀.

Bí ọ̀dọ́ kan bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó já fáfá, lọ́jọ́ kan wọn yóò pè é sínú ọ́fíìsì, wọn yóò na ìwé sí i. Ìwé ìgbéga ni. Owó oṣù yóò pọ̀ sí i, orúkọ yóò yí padà, bóyá wọn yóò tilẹ̀ fi mọ́tò kún un. Ṣùgbọ́n wọn yóò gbé e kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí ibi tí kò mọ ẹnì kan. Yóò máa jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò máa wọlé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Gbogbo ẹ̀bi tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yóò sì di tirẹ̀. Bákan náà ni ti arábìnrin nọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù, àti ti tíṣà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti dàrú. Olúkúlùkù wọn a máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Àwọn òbí yóò ní kí ó gbà á. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò ní wèrè nìkan ni ó ń kọ owó. Ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò bi í pé, ẹrù wo ni ó wà nídìí ìwé náà, ejìká rẹ yóò ha gbà á bí?

Ẹni tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wò ni Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìgbéga tí wọ́n nà sí òun kì í ṣe ti ọ́fíìsì kékeré. Ní ọdún 1962, wọ́n ní kí ó wá jẹ́ Pírẹ́míà, èyíinì ni olórí ìjọba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá títí dé Bẹ́níì àti Wọ́rì, nítorí pé wọn kò tí ì yọ Midwest kúrò lára rẹ̀ nígbà náà. Ó gbà á. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ìtàn wa.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Àgó-Òwu. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ẹ̀gbá yóò mọ̀ pé àwọn Òwu kò sí lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ ìlú wọn ni wọ́n wá ibi ìsádi, tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1834, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni Òwu ti di ọ̀kan pẹ̀lú Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá. Nígbà tí wọ́n bí Dáúdà, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìjọba náà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1914.

Ní ayé ìgbà náà, ilé ìwé àwa Mùsùlùmí kò tí ì pọ̀. Ọdún 1923 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá fẹ́ kàwé jinná, ilé ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ni yóò lọ, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ẹ̀sìn mìíràn. Dáúdà lọ sí Baptist Boys' High School, ó sì tún lọ sí Abeokuta Grammar School. Orúkọ Dáúdà tí ó gbé wọlé ni ó gbé jáde, ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó sì ṣe títí ó fi di Alhaji. Èyí nìkan tó láti fi hàn wá pé kì í ṣe ẹni tí àyíká ń tì síwá sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọlá. Ó ṣe akọ̀wé ní Rélùwéè, ó sì di sítókípà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bá ilé iṣẹ́ UAC ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ sítókípà yìí, nítorí a óò padà sí i. Sítókípà ni ẹni tí ẹrù kún ilé tí ó ń tọ́jú, ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó wọlé, yóò kọ ọ́. Ohun tí ó jáde, yóò kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá bá dé láti ṣírò, ohun tí ó wà nínú ìwé àti ohun tí ó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Lọ́jọ́ tí ó bá ń lọ, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, èyíinì ni Action Group, sílẹ̀ ní 1951, Adégbénró wà lára àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá wọn ṣe é, ó sì di ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè. Ó ṣe Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà ó di Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ipò yìí kì í ṣe kékeré. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo káńsù wà, káńsù wọ̀nyí ni ó sì ń gba owó orí, tí ó ń ṣe ọ̀nà, tí ó ń ṣe ọjà, tí ó sì ń bójú tó púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé tí ọmọ kún nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Adégbénró ní ipò, ó ní owó oṣù, ó ní ọ̀wọ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ó dúró sí, bóyá ìgbésí ayé rẹ̀ ìbá tutù ju bí ó ti rí lọ.

ÌWÉ TÍ WỌ́N NÀ SÍ I

Ní December 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀, ó lọ sí Ilé Aṣòfin ní Èkó, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àárín àwọn méjèèjì fi dàrú. Ọ̀kan ni olórí ẹgbẹ́, èkejì ni olórí ìjọba, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀ mọ́. Níbi ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ ṣe ní Jọ́ọ̀sì ní February 1962, ìjà náà hàn sí gbogbo ayé. Nígbà tí ó di May ọdún náà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ó ní òun kò lọ.

Ní ọjọ́ 21 May 1962, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, gba ìwé kan tí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ 66 fọwọ́ sí. Wọ́n ju ìdajì ilé lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Adégbénró, ẹni tí ẹgbẹ́ mú, sí ipò náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ara yín sí ipò ọkùnrin yìí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, iṣẹ́ mínísítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti bá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sì na ìwé sí i. Bí ó bá kọ̀, wọn yóò ní ojo ni, wọn yóò ní ó sá fún ẹgbẹ́ nígbà tí ogun dé. Bí ó bá gbà, ẹni tí ó wà lórí àga kò tí ì dìde, kò sì ní í dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Akíntọ́lá ní àwọn tirẹ̀ nínú ilé, ó ní àwọn tirẹ̀ ní ìlú, ó sì ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn tí ó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Ìgbéga yìí ju ti ọ̀gá tí ó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fi igbá kejì rẹ̀ rọ́pò. Àga kan ni, ẹni méjì ni ó sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí ó kọjá ti Adégbénró fúnra rẹ̀. Ṣé ìwé tí àwọn ọmọ ilé fọwọ́ sí tó láti yọ Pírẹ́míà, àbí inú ilé ni kí wọ́n ti dìbò ní gbangba kí gbogbo ayé lè ka iye ẹni tí ó nawọ́ sókè? Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Adégbénró ní ìwé tó, nítorí òfin ní ẹni tí Gómìnà bá rí pé ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ni kí ó fi jẹ́. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá ní kò tó, pé ohun tí a fi ìdìbò gbé kalẹ̀, ìdìbò ni a fi ń gbé e kúrò. Àwọn méjèèjì kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí ó ń mì báyìí ni Adégbénró gbé àga rẹ̀ kà.

ỌJỌ́ MẸ́RIN PÉRÉ

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, ní 25 May, Ilé Ìgbìmọ̀ jókòó ní Ìbàdàn kí wọ́n lè fi ìbò gbe ìjọba tuntun lẹ́sẹ̀. Wọn kò dé ibi ìbò. Bí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn alátakò fò sórí tábìlì tí ó sì ń pariwo. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ ilé, àwọn kan sì fara gbọgbẹ́. Ọlọ́pàá yin tíágáàsì kí ibẹ̀ tó dá páropáro. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, ìjà tún dé. Ọlọ́pàá ti ilé náà pa.

Ní 29 May, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, lábẹ́ Olórí Ìjọba Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n gba agbára kúrò lọ́wọ́ Gómìnà, lọ́wọ́ Pírẹ́míà méjèèjì, àti lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Ẹ wo bí ayé ti rí: ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà yìí náà. Oníṣègùn ni, ó sì ti jẹ́ Mínísítà ètò ìlera ní ìjọba àpapọ̀. Òun náà gba ìgbéga tí ìpọ́njú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá àkókò fún tirẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ pé, ó gbé e kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lé e.

Báyìí ni ipò tí Adégbénró gbà ní ọjọ́ Ajé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Mínísítà tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ó JÀRE, KÒ RÍ ÀGA

Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Akíntọ́lá pe ẹjọ́ pé Gómìnà kò ní agbára láti yọ òun. Ní July 1962, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà dájọ́ pé inú ilé ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n ti dìbò kí Gómìnà tó lè yọ ẹnikẹ́ni. Akíntọ́lá jàre. Adájọ́ àgbà tí ó jókòó lórí ẹjọ́ náà ni Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Adémọ́lá Kejì. Ẹ̀gbá ni ó gba ipò, Ẹ̀gbá ni alákòóso, Ẹ̀gbá ni adájọ́. Ẹni tí ó bá sì rò pé ìlú kan náà tí àwọn ti wá yóò mú kí adájọ́ gbè sẹ́yìn ọmọ ìlú rẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, èyí sì jẹ́ ohun ìyìn fún adájọ́ náà.

Nígbà tí ìjọba pàjáwìrì parí, ní ọjọ́ kìíní January 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Adégbénró kò kó ènìyàn lọ já ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 May 1963, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, wọ́n dájọ́ pé òun ni ó jàre. Wọ́n ní kò sí ohun tí ó wà nínú òfin tí ó sọ pé ìdìbò inú ilé nìkan ni Gómìnà lè fi mọ ẹni tí ọ̀pọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bóyá ẹ ó rò pé ìtàn parí síbẹ̀, pé ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Rárá o. Kíákíá ni Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin padà, tí wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni pé láti 1960 ni òfin tuntun náà ti wà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ ní October 1963, wọ́n fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Adégbénró jàre nílé ẹjọ́, kò rí àga. Ìdájọ́ náà, Adégbénró àti Akíntọ́lá, ṣì wà nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà.

Ní September 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ta ni yóò di ẹgbẹ́ mú? Adégbénró náà ni. Ipò yìí kò ní owó oṣù ìjọba nínú, kò ní ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wàhálà nìkan ni ó kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ ó gbà á. Ẹni tí ó bá ní owó ni ọkùnrin yìí ń wá ní 1962, kí ó wo ohun tí ó gbà ní 1963.

Ìdìbò October 1965 ni ó burú jù. Ìjọba kéde pé Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá ni ó wọlé. Àwọn alátakò ní irọ́ ni, pé wọ́n jí ìbò. Adégbénró kéde pé àwọn ni ó borí, pé òun yóò gbé ìjọba fìdíhẹ kalẹ̀. Wọ́n mú un. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn kan ní kí ni kí ẹni tí a jí ìbò rẹ̀ ṣe? Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ti fi sùúrù tọ ilé ẹjọ́ ní 1962 ni ìbá tún ṣe sùúrù. Ohun tí a mọ̀ ni pé iná ti ràn. Wọ́n ń fi bẹntiróòlù sun ilé àti ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò sì bojú wo Mùsùlùmí tàbí Kristiẹni. Ní ọjọ́ 15 January 1966, àwọn sójà gba ìjọba. Wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n pa Tafawa Balewa pẹ̀lú. Àga tí wọ́n torí rẹ̀ jà kò sí mọ́.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ń ṣe Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pe Adégbénró kí ó wá ṣe Kọmíṣọ́nnà fún òwò àti iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ti fi jẹ olórí ìjọba rí ni wọ́n ní kí ó wá jókòó lábẹ́ ọmọ tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ní àbùkù ni. Adégbénró gbà á, ó ṣe é. Ní ọdún 1975 ni Ọlọ́hun pè é. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí rere.

ẸNI TÍ Ó KỌ̀ ÀTI ẸNI TÍ Ó GBÀ

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa: ṣé ó dára kí Adégbénró gbà á ní ọjọ́ 21 May, àbí kí ó ti kọ̀? Nínú ẹ̀sìn wa, apá méjèèjì ni ó ní ẹni rere.

Imọ̀mù Abu Hanifa, oníṣòwò aṣọ ìlú Kufa tí ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, kọ̀ nígbà tí Kálífà al-Mansur ní kí ó wá ṣe adájọ́. Wọ́n tì í mọ́lé lórí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò gbà. Ìlú Baghdad ni ó kú sí ní ọdún 767. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni pé ìjọba yóò fẹ́ kí òun dájọ́ bí ó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an, Abu Yusuf, gba iṣẹ́ adájọ́, ó sì di adájọ́ àgbà ní ayé Harun al-Rashid. Ọ̀pọ̀ àáfáà kò sọ pé ọ̀kan nínú wọn ti ṣìnà. Olùkọ́ mọ ohun tí àkókò tirẹ̀ yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì mọ ti àkókò tirẹ̀.

Bákan náà, Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ fún Abu Dharr pé kí ó má ṣe gba ipò olórí, nítorí pé kò lágbára tó fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni àmánà ni ipò jẹ́. Abu Dharr kì í ṣe ènìyàn lásán, ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì ni. Kò sí àbùkù nínú kí a sọ fún ènìyàn pé ẹrù yìí kì í ṣe tirẹ. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì Yusuf, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún ọba Íjíbítì pé kí ó fi òun ṣe olùtọ́jú àwọn àká ilẹ̀ náà, nítorí ó mọ̀ pé òun ní ìmọ̀ rẹ̀, òun sì lè ṣọ́ ọ. Sítókípà ni Ànọ́bì Yusuf ní kí wọ́n fi òun ṣe.

Nítorí náà, ìwọ arákùnrin, ìwọ arábìnrin tí ìwé ìgbéga wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe wo iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan. Wò ó bí sítókípà ti ń wo ilé ẹrù kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Àkọ́kọ́, ta ni ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ, báwo ni ó sì ṣe kúrò? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ọ́ lé ẹlòmíràn tí ó ṣì ní ẹjọ́ láti rò, mọ̀ pé ìjà ni o ń gbà mọ́ owó oṣù. Ó lè jẹ́ ìwọ ni o jàre. Adégbénró jàre, ẹ̀yin náà sì ti rí ohun tí ó kàn án.

Èkejì, ṣé o mọ iṣẹ́ náà, ṣé ara rẹ sì lè gbà á? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí òbí àgbàlagbà ń bẹ nílé tí kò ní ẹlòmíràn, kì í ṣe ojo bí ó bá ní kí wọ́n fún òun ní ọdún kan sí i. Bí iṣẹ́ náà yóò bá gba àkókò ìrun rẹ, tàbí tí yóò mú ọ fọwọ́ sí ohun tí o mọ̀ pé irọ́ ni, owó kan kò tó o. Kírun Isitihárà, kí o sì fi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ nìkan kò tó láti bi, nítorí ìfẹ́ lè má jẹ́ kí ó rí ẹrù náà.

Ẹ̀kẹta, èyí ni ó sì ṣe pàtàkì jù: ṣé o lè gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí o gbé e kalẹ̀, kí o sì jókòó sí ibi tí ó kéré sí i láìbínú? Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun ni ó di ipò mú, ipò ni ó dì í mú. Yóò parọ́ nítorí rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ilé rẹ̀ tú nítorí rẹ̀. Àmánà ni ohun tí a fi síni lọ́wọ́ tí a óò padà wá gbà. Gbogbo ìgbéga ayé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Alhaji Adégbénró gba èyí tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sọ ọ́ nù, ó fi òfin wá a, kò rí i, ó sì tún padà wá ṣe iṣẹ́ tí ó kéré sí i fún àwọn ènìyàn kan náà. Ìdí nìyí tí àwa fi ń dárúkọ rẹ̀ lónìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí ó lò lórí àga kò pé mẹ́wàá.

Bí o bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí tí ọkàn rẹ sì balẹ̀, gbà á ní orúkọ Ọlọ́hun, má sì bẹ̀rù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, dá ìwé náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ọpẹ́, kí o sì máa ṣe iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ dáadáa. Ọlọ́hun tí ó mú ìwé àkọ́kọ́ wá kò kú, kò sì sùn.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe dì wá lẹ́rù tí agbára wa kò ká. Kí Ó fi ìmọ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó yẹ kí á gbà àti ohun tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀. Kí Ó sì jẹ́ kí ìwé wa bára mu lọ́jọ́ ìṣirò. Àmín.